Dín Eré Kù Lórí Fóònù Náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọmọlúàbí ni ará Ìlàjẹ, kó lọ jókòó sí èbúté Òde Ugbo láàárọ̀. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá ń sáré bọ̀, tó sì rí ìyá àgbà kan tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré, awakọ̀ á dín eré kù kí ìgbì má baà dojú ọkọ̀ ìyá dé. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn. Bí àwọn bàbá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, orí wa sì máa ń wú tá a bá ń sọ ọ́.

Pọ́ọ̀lù wà lára àwọn awakọ̀ yìí. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú omi, ẹ̀rín ló máa bá lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti gbé fóònù dání, ẹnu yẹn á di abẹ.

Àwọn awakọ̀ ní gúrúùpù kan lórí Wọ́sáàpù, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí omi ṣe rí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Etikan béèrè níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, omi ti fà. Ibo ló dáa kí n gbà wọ Abereke?"

Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ pé, "Ìwọ tí o ò mọ omi, ta ló rán ẹ wá sórí omi? Lọ gbin ẹ̀gẹ́."

Lọ́dọ̀ àwa tí omi ń bọ́, èébú ńlá nìyẹn. Èèyàn mẹ́tàdínlógún fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn ìbéèrè náà, Ọmọ Etikan ò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án, Pọ́ọ̀lù rí ọkọ̀ kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nítòsí Abereke. Kùkùté abẹ́ omi ló gbá. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tí àwọn èrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀. Pọ́ọ̀lù rọra sún mọ́ wọn, ó sì kó wọn sínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Promise ló wa ọkọ̀ náà, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ojoojúmọ́ lòun àti Pọ́ọ̀lù ń kí ara wọn. Pọ́ọ̀lù bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ fún un.

"Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Gbogbo wa la mọ kùkùté yẹn. Kí ló dé tí o ò béèrè lórí gúrúùpù?"

Promise yọ fóònù rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó nà án sí i. "Mo béèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí n lọ gbin ẹ̀gẹ́. Bóyá òótọ́ lẹ sọ. Màá fi iṣẹ́ omi sílẹ̀."

Ojú ti Pọ́ọ̀lù gan-an. "N ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Nígbà tí wọ́n dé èbúté, Bàbá Ọlọ́rundáre, olórí àwọn awakọ̀, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Pọ́ọ̀lù, àwọn ìyá alájẹ̀ tó o máa ń dín eré kù fún, ṣé o máa ń kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn?"

"Rárá, bàbá."

"Kí ló wá dé tó o fi ń dín in kù?"

"Èèyàn ló wà nínú ọkọ̀."

"Èèyàn náà ló wà nídìí fóònù. Ojú gbogbo èèyàn lo ti bú u. Ojú gbogbo èèyàn náà ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé, "Promise ni mo bú. Ohun tó yẹ ló béèrè. Èmi ni mo fi ẹ̀mí èèyàn méje wewu. Promise, má bínú, má sì fi omi sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn ló tún ọkọ̀ Promise ṣe. Wọ́n ri ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Mo fi wọ́n yangàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Promise tún béèrè pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Báwo lomi Abereke?"

Pọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ dáhùn. "Káàárọ̀, awakọ̀ wa. Apá ọ̀tún ni kó o gbà. Mo wà níwájú, màá dúró dè ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò lè sọ lójú ẹni ní èbúté, ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù. Tí wọ́n bá ń bú ẹnì kan, ẹ má fi ẹ̀rín ti èébú lẹ́yìn, ìbéèrè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dáhùn. Ìwà wa lójú omi dáa, ẹ jẹ́ ká gbé e dé orí fóònù. Dín eré kù. Èèyàn ló wà nínú ọkọ̀.