Àbàwọ́n Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

"Ẹ̀gà, wá bá mi wo fọ́tò yìí. Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó yìí ò dúdú jù?"

Ẹ̀gà sún mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Torí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó fi òótọ́ pa mọ́. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó. Ojú kọ̀ǹpútà ló ti bàjẹ́.

"Ó dúdú díẹ̀, màámi," ló fi dáhùn.

Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni kó máa tún fọ́tò ṣe nílé fún ọ̀gá onífọ́tò kan. Tó bá ti ṣe é tán, á fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú kọ̀ǹpútà tó ń lò mọ́ gaara, àmọ́ ó ní àìsàn tirẹ̀: bí ohun tó mọ́lẹ̀ bá dúró lójú kan níbẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì ṣókùnkùn. Ìyá kìlọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ bó pé, "Bí o bá ti ń dìde, pa á." Ọ̀rọ̀ náà á gba etí ọ̀tún Ẹ̀gà wọlé, á gba ti òsì jáde. Ní gbogbo ọ̀sán tí ìyá bá lọ tọ́jú ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn, Ẹ̀gà á ṣí eré bọ́ọ̀lù, á fi àpótí funfun tí wọ́n ń ka góòlù sí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, á wá lọ máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lẹ́nu géètì.

Ibi tí àpótí náà máa ń wà wá ṣókùnkùn. Bí ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò dúdú nìyẹn. Nígbà tí fọ́tò ìyàwó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, àfi bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lù. Àwọn oníbàárà dá a padà. Wọ́n dá ti bàbá arúgbó kan padà, wọ́n dá ti ọmọ jòjòló padà.

"Ojú mi ti ń lọ," ni ìyá ń wí. Ó lọ gba jígí ojú, pàbó ló já sí. Ẹ̀gà ń wò ó bó ṣe ń nu jígí, tó ń nu ojú, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn ò ní jẹ́ kóun fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Nítorí eré lásán!

Lọ́jọ́ tí ìyá sọ fún ọ̀gá pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sunkún. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gà tó jẹ́wọ́. Ó ṣí àwòrán kan tó jẹ́ kìkì àwọ̀ eérú, òjìji àpótí náà sì hàn gbangba láàárín rẹ̀.

 Ìyá pe ọ̀gá, ó ṣàlàyé fún un, ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọ̀gá wí. "Mo ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Àwọn oníbàárà gan-an ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yín mọ́."

Ìyá gbé fóònù sílẹ̀. Kò pariwo, kò gbá Ẹ̀gà létí. Ì bá sàn kó gbá a.

"Ojú kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́," ló wí. "Àmọ́ oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi rò pé mo ti ń fọ́jú. O jókòó tì mí, ò ń wò mí."

 Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń lé e bá. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí irọ́ bá ti bà jẹ́ kó tó di ọjọ́ náà, òótọ́ kì í sábà rí i tún ṣe. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ. Ẹ̀gà sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ò padà.