Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Àga Ẹ̀yìn

"Fọwọ́ sí i, Wanda! Irin pàǹtí ni bàbá ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ!"

Royce, ọkọ tó yẹ kó dáàbò bò ó, ló ń jágbe bẹ́ẹ̀, tó na ìwé títà mọ́tò sí i, nínú ilé ìdáná wọn ní ìlú Toledo, ní Amẹ́ríkà. Darlene, àbúrò Wanda, jókòó ti Royce, ó ń mu kọfí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ìkà ni àwọn méjèèjì! Wọ́n ti ń yan ara wọn lálè, Wanda sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ sá lọ? Royce ló ni ilé. Oṣù mẹ́jọ ló ti ti gáréèjì tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí pa, tó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ àti ti mọ́tò kọ́ ọrùn.

Mọ́tò tí bàbá Wanda fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rìnlá péré tí fakitọ́rì tí bàbá náà ti ṣiṣẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí lọ́dún 1969; owó gọbọi ni wọ́n ń rà á. Royce ti tú irin nọ́ńbà tí fakitọ́rì kàn mọ́ ọn, ó kàn án mọ́ mọ́tò yẹpẹrẹ irú ẹ̀ tí Darlene ní, kí wọ́n lè ta yẹpẹrẹ yẹn bí ojúlówó. Tí Wanda bá fọwọ́ sí ìwé yìí, wọ́n á lọ fọ́ tiẹ̀ wómúwómú.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá Imogene, arúgbó kan tó ń wá àwọn tó ṣẹ́ kù nínú mọ́tò mẹ́rìnlá yẹn kiri láti rà, dé. Royce ṣí gáréèjì tí mọ́tò méjèèjì wà fún un, ẹnu ẹ̀ ń dùn. Wanda àti Darlene tẹ̀ lé wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga ẹ̀yìn mọ́tò tèmi."

"Pa ẹnu ẹ dé!" ni Royce jágbe.

"Bàbá mi ló ń de àga ní fakitọ́rì! Tí wọ́n bá to mọ́tò tán, abẹ́ àga ni wọ́n máa ń ki ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sí bọ̀!"

Royce ò gbé àga yẹn rí. Ẹ̀rù eku ń bà á, ojo!

Màmá gbé e. Ìwé pípọ́n kan jáde, eku ti jẹ etí ẹ̀. Ó kà á, ó wo mọ́tò Darlene, ó tún kà á.

"Báwo ni nọ́ńbà mọ́tò yìí ṣe dé ara ìyẹn?"

"Royce ló tú u!" Darlene figbe ta.

"Ọ̀dàlẹ̀! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo tan tọ́ọ̀ṣì fún mi?"

"Ó tó," ni Màmá wí, ó pe ọlọ́pàá.

Wanda bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn Royce. Ó fi ìwé títà náà lé e lọ́wọ́, ojú ìfọwọ́sí ṣófo. Lẹ́yìn náà ló wọ mọ́tò bàbá ẹ̀, ó sitáàtì ẹ̀, ó sì wà á jáde kúrò nílé yẹn.