Orúkọ Kan Ṣoṣo Nínú Ìwé

Ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà ni Reine kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ẹni tó gbé e. Ó kán tó, tó, sórí ìwé ńlá tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní bùró igbó ní Kétu, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé. Nígbà tó gbójú sókè, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan ló dúró níbẹ̀, ìbọn léjìká, ọ̀yà lọ́wọ́, ojú sì ń tì í bí ọmọdé tó da ọbẹ̀ nù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀yà yín ti forúkọ sílẹ̀. Ó ku tiyín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èṣùgbàyí, ọdẹ abúlé Kpankou, ni. Ó wá tún pẹ̀mí gbà, ìwé àṣẹ ọdẹ tí ó ń gbà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Reine dárúkọ owó ọdún 1985 fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò jókòó sí.

"Ìlọ́po mẹ́ta? Háà! Ṣé ìbọn tuntun ni mo wá rà ni?"

"Ẹ má bínú. Kútọnu ò fi owó ránṣẹ́ mọ́. Oṣù kẹrin rèé tí a ò rí owó oṣù. Ọ̀gá ní kí ọdẹ máa bọ́ bùró."

"Bí a ò bá lè pa túùkú tó ń jẹ àgbàdo, kí ni ọdẹ fúnra rẹ̀ máa jẹ?"

Kò san. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀yà náà sílẹ̀ fún un, ó ní oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù fún arẹwà láti máa gbààwẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí Èṣùgbàyí kò rí nǹkan wá béèrè ní bùró. Kò pẹ́ tí Reine fi di Àbẹ̀bí lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Reine, Olúọ́dẹ, olórí gbogbo ọdẹ agbègbè náà, tó ń gbé ní Odomèta, gbà pé kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ìkórè.

Àfi bí inú àwọn ọdẹ ṣe ru sí owó pẹ̀mí náà. Wọ́n péjọ sílé Olúọ́dẹ, oníkálukú fẹnu kan irin ìbọn rẹ̀, wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ san owó náà títí yóò fi wálẹ̀. Obìnrin kì í gbọ́ ìbúra ọdẹ, nítorí náà Èṣùgbàyí kò sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀, Olúọ́dẹ náà kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ohun tí Reine gbọ́ ni ti ọ̀gá rẹ̀, Barnabé: wọn yóò gba gbogbo ìbọn tí kò níwèé. Ìbọn yẹn nìkan sì ni bàbá Èṣùgbàyí fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Reine ta aṣọ méjì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun náà, ó san owó, ó kọ orúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sínú ìwé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Lọ́sẹ̀ kejì, bùró wá ṣèpàdé ní Odomèta. Barnabé ké "Èhuzu!", igbe ìyípadà tí ìjọba ìgbà náà ń ké. Wọ́n dá a lóhùn "Dàndàn!" tìkọ̀tìkọ̀.

"Nínú gbogbo ọdẹ, kàmáràdì kan ṣoṣo ló san: Èṣùgbàyí ti Kpankou! Pẹ̀mí rẹ̀ rèé lórí tábìlì. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnu Èṣùgbàyí là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ó wo Reine lẹ́yìn tábìlì, Reine ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ̀rín yẹn ló fi mọ̀ pé Reine ló san án fún òun.

Olúọ́dẹ dìde. "Ìwọ lo san án?"

Bí ó bá ní òun kọ́, wọn yóò béèrè ẹni tó kọ orúkọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èṣùgbàyí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Irin tó o fẹnu kàn á bi ọ́ léèrè," ni bàbá Reine wí. "Ọmọ mi kì í ṣe aya ọ̀dàlẹ̀."

Reine gbọ́ irin, ó sì mọ̀ pé ìbúra wà níbẹ̀, irú èyí tí Ògún fi ń pa ẹni tó bá dà á. Ìgbà wo ni wọ́n búra? Ó ti fa ikú lé olólùfẹ́ rẹ̀ lórí! Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni! Kò mọ̀ rárá. Aṣọ ìyá mi ni mo tà!"

Ariwo ta. Barnabé káwọ́ mórí. "Akọ̀wé mi? O kọ orúkọ ẹni tí kò wá fúnra rẹ̀ sínú ìwé ìjọba? Má wá síbi iṣẹ́ mọ́!"

"Àbẹ̀bí, kí ló dé tó o sọ ọ́? Mo ti gbà á rù," ni Èṣùgbàyí wí.

"Kí o kú nítorí mi? N ò lè gbà á."

Èṣùgbàyí mú pẹ̀mí lórí tábìlì, ó fà á ya, ó sì gbé ìbọn bàbá rẹ̀ síwájú Barnabé. "Ẹ kà mí mọ́ àwọn tí kò san." Ọdẹ kan gbé tirẹ̀ lé e, òmíràn tẹ̀ lé e, títí tó fi di òkìtì. Kẹ̀kẹ́ méjì péré ni bùró gbé wá. Barnabé wo òkìtì ìbọn, ó wo kẹ̀kẹ́, ó mú ìbọn Èṣùgbàyí nìkan, ó lọ.

Olúọ́dẹ wo ọ̀dọ́kùnrin náà títí. "Ọdẹ tó ń fẹ́ ọmọ ọdẹ, itan àgbọ̀nrín ló ń gbé wá fún àna. O ò níbọn mọ́. Kí lo máa gbé wá?"

"Apá mi, Bàbá. N ó wá ro oko yín."

"Kó o wá lọ́la. Mú ọkọ́ méjì dání, tèmi àti tìẹ."

Reine ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìró nu ojú.

"Ẹ ní kó mú mẹ́ta, Bàbá. Èmi náà ò níṣẹ́ mọ́."