Ẹni Tó Wá Ka Ẹyẹ Lójú Fèrèsé

Láti ojú fèrèsé òkè ni ọkùnrin kan ti kí Aránṣọ, nítorí omi ti bo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ó so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé, ó na ọrùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wá ka ẹyẹ ni. Ojú fèrèsé yín ló dára jù."

Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun àti bàbá rẹ̀ ti há sínú yàrá méjì yìí, tí wọn kò rí ojú ẹlòmíràn.

"Ka kí ni?" bàbá rẹ̀ ké láti orí àga. "Ẹyẹ? Iṣẹ́ mà ti tán láyé o! Onílékeléke, wọlé."

Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára.

Iye ẹyẹ omi tó bà sí pápá tí omi bò ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní òfin: ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ kà á, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí iye wọn kò bá bára mu, wọn á tún un kà lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kejì rẹ̀ ń ṣàìsàn, ló bá bẹ Aránṣọ.

Ó fi awò olójú méjì lé e lọ́wọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi tó ti sọ ilé di ẹ̀wọ̀n fún un sún mọ́ ọn: lékeléke funfun bí aṣọ tí wọ́n sá, pẹ́pẹ́yẹ omi, àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń fi ẹnu gígùn gún ẹrẹ̀ wéréwéré bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gan-an.

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá ló kà. Ó wo ọkùnrin náà tó ń palẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ló bá fi ogójì lé e kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ọkùnrin náà wí. "Àfi kí n padà wá lọ́la."

"Ẹ kú wàhálà," ni Aránṣọ wí. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń padà wá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, wọn kò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́. Ní ọjọ́ keje, ojú ọkùnrin náà fà ro.

"Ọ̀gá mi ní bí iye yẹn kò bá bára mu lónìí, kí n máa lọ sílé."

Omi bọ́ lójú Aránṣọ. "Èmi ni. Mo ń fi ogójì lé e lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ kí o lọ ni."

"Ìfẹ́ mi, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹta. Ogójì géérégé lójoojúmọ́? Ẹyẹ kì í ṣe bíríkì."

"Kí ló dé tí o ṣì ń padà wá?"

"Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Iye wọn bára mu lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá. "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yin méjèèjì lọ síbi tó gbẹ."

Bàbá nawọ́ sí ọkọ̀ tó wà lójú fèrèsé. "Irú ọkọ̀ yìí ni ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ, kò padà mọ́. Ọmọ mi ò ní gba ojú omi kúrò nílé yìí. Onílékeléke, ẹyẹ lo bá wá, ẹyẹ ni wàá bá lọ."

"Bàbá mi, mo ti dàgbà."

"Mo mọ̀. Ìwọ nìkan ló kù mí kù."

Aránṣọ lè fo fèrèsé yẹn, ṣùgbọ́n kò lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn ọkọ̀ náà.

Oṣù méjì kọjá. Bí omi ti ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ ń lọ. Lọ́jọ́ tí lékeléke tó kẹ́yìn gbéra, Aránṣọ sunkún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá yọ orí síta, ó pariwo. Ẹnìkan ń bọ̀ láàrin pápá, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé bàtà.

"Onílékeléke! Kò sí ẹyẹ kankan níbí mọ́ o!"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bàbá wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí ọkọ̀ kankan, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró gbagidi.

"Kí lo ṣì ń wò? Ṣé kí n bá ẹ sọ̀ kalẹ̀ ni?"