Eyín Pamílẹ́rìn

Ojúọlá bú sẹ́rìn-ín, ó sì ti Pamílẹ́rìn láti ẹ̀yìn. Omi ni wọ́n wá bù lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn ní Ṣàgámù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Pamílẹ́rìn ṣubú, ó fi ẹnu gbá etí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó máa dìde, eyín iwájú rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀, odidi, tòun ti gbòǹgbò.

Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Ojúọlá mú eyín náà nílẹ̀.

"Pami, jọ̀ọ́, má sọ pé èmi ni. Tí bọ̀ọ̀dá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn bá gbọ́, wọ́n á dá mi padà sí abúlé wa ní Akaka. Ṣáà sọ pé ẹsẹ̀ ẹ yọ̀."

Pamílẹ́rìn fi aṣọ ìnujú di ẹnu. Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é, ó gbà.

"Eyín mi ńkọ́?"

"Màá bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Máa lọ."

Kò pẹ́ tí wọ́n wọ kíláàsì tí Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, tíṣà wọn, fi rí ẹ̀jẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo ṣubú ni, sà."

"Eyín náà dà? Ẹ sáré mú un wá! Ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Inú mílíìkì la máa fi sí, ká gbé e lọ bá dókítà."

Pamílẹ́rìn yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojúọlá dìde.

"Ó ti jù ú sórí òrùlé, sà, bíi ti ọmọdé. Mo ní kó má jù ú, kò gbọ́. Eré ló ń sá kiri tó fi ṣubú."

Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Pamílẹ́rìn tún fi aṣọ ìnujú bo ẹnu. Kí ló tún fẹ́ sọ? Òun náà ló kọ́kọ́ purọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá Pamílẹ́rìn, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà eyín yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ bá ti mú eyín náà wá. Eyín àgbà ni, òmíràn ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wa kó tó gbẹ, a lè dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì lè fìdí múlẹ̀. Ní báyìí, àtọwọ́dá ló kù."

Ìgbà náà ni Pamílẹ́rìn bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí ló dé tóo fi bò ó mọ́ra?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ni, mà."

Nígbà tó padà sílé ìwé, Ojúọlá wá bá a, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Inú gọ́tà ni mo jù ú sí. Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni Pamílẹ́rìn wí, ó ń kó ìwé rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó tì ẹ́ mọ́."

Irọ́ tí Pamílẹ́rìn pa nítorí ọ̀rẹ́ ló jẹ́ kí irọ́ ọ̀rẹ́ náà rọrùn láti gbà gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fara pa, ẹ sọ òótọ́ fún àgbàlagbà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ara yín bo àṣìṣe òun, tara rẹ̀ nìkan ló ń rò.