Apá Tí Kò Mọ Iná

Òkò àkọ́kọ́ ba wíńdò, èkejì ba Rùfáì níwájú orí. Rédíò ló sọ láàárọ̀ pé ìbọn tún ti dún ní Bakassi, pé ọmọ ogun Kamẹrúùnù kú níbẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn géńdé kan ní àdúgbò Bépanda ní Douala ti pinnu pé ọmọ Nàìjíríà tó bá sún mọ́ wọn jù ni yóò jìyà rẹ̀. Rùfáì, tó ń ta aṣọ ní ọjà Marché Mboppi, ló sún mọ́ wọn jù. Ó ti lo ogún ọdún ní Douala, kò sì mọ ọ̀nà Bakassi rí.

Wọ́n wọ́ ọ jáde láti pálọ̀, wọ́n ń fi igi àti irin lù ú. Màríyàm, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n bí sí àdúgbò náà, ń fi Faransé bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà náà ló rí Boris, ọmọ ilé kejì, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì. Boris gbé irin sókè, ó fi gba bàbá rẹ̀ léjìká, Màríyàm sì gbọ́ bí eegun ṣe kán. Nínú rògbòdìyàn yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Boris lu gíláàsì wíńdò tó ti fọ́. Ó gé e lápá yánnayànna, ẹ̀jẹ̀ bò ó, ni gbogbo wọn bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Eegun Rùfáì so, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ le gbagidi. Kò lè gbé ọwọ́ kọjá àyà, áḿbèlètè kó gbé ìdì aṣọ. Brigitte, ìyá Boris, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun àti iṣan, ló fi ìtìjú gbé àtùpà kan wá. Iná mànàmáná ló ń lò, gílóòbù rẹ̀ pupa, ó sì tóbi tó orí ọmọdé. Àjọkẹ́, ìyàwó Rùfáì, fẹ́ gbé e jù síta. Rùfáì ló ní kó fi í sílẹ̀.

Brigitte ṣàlàyé fún Màríyàm pé iná náà kì í ṣe idán. Ooru inú rẹ̀, àti ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, ń wọ ara díẹ̀, ó ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀, ẹran ara tó le á sì dẹ̀. Kò lè to eegun. Kí ó jìnnà sí ara tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n fi aṣọ bo ojú, kí ẹnikẹ́ni má sùn lábẹ́ rẹ̀.

"Ibi tí ara bá ti kú tipiri, má tan án síbẹ̀ láéláé," ó ní. "Ìrora ló ń sọ fún wa pé iná ti pọ̀ jù. Ara tó ti kú kò lẹ́nu."

Lójú Àjọkẹ́, oògùn tí kò bá ta, kì í ṣe oògùn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi òrí ra èjìká ọkọ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe nílé, ó sún àtùpà mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí Rùfáì fi lọgun. Òrí ti gbóná lórí awọ, ara ti ń lé ròrò. Brigitte bá wọn wí pé ara gbígbẹ ni iná náà ń fẹ́, wọ́n sì gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ Rùfáì ti dé etí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó padà sí ìsọ̀.

Àṣé ọrùn ń dun Boris náà láti ọjọ́ ìjà yẹn. Gíláàsì sì ti gé iṣan tó ń jẹ́ kí ara mọ nǹkan lápá rẹ̀. Láti ìgúnpá dé ọmọ ìka, kò mọ ooru, kò mọ òtútù. Brigitte kò fẹ́ gbé àtùpà kúrò lọ́dọ̀ Rùfáì, ló bá ní kí Boris máa wá síbẹ̀, Rùfáì sì gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n pe Brigitte síbi iṣẹ́. Kó tó lọ, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo apá ọmọ rẹ̀, ó ní ọrùn nìkan ni kí Màríyàm tan iná sí. Àjọkẹ́ wà lọ́jà, Rùfáì ń kírun nínú yàrá.

Boris dùbúlẹ̀, aṣọ bo ojú rẹ̀.

"Gbogbo wọn ló ń lu bàbá rẹ," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kì í ṣe èmi nìkan."

Màríyàm dúró kí Boris bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ọmọbìnrin náà ká táwẹ́ẹ̀lì kúrò, ó bu òrí, ó rọra fi ra apá tí kò mọ nǹkan yẹn, ó sì fa àtùpà wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ. Boris kò mira. Awọ náà pọ́n, ó ń dán, ròrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní parọ́ fún yín: ó dùn mọ́ Màríyàm.

"Kí ló ń jó?" Boris béèrè.

Rùfáì náà ti gbóòórùn. Ó sáré jáde, ó rí i, ó sì fi apá tó wà nítòsí gbá àtùpà dànù láìrò ó. Apá tó ń dùn ún ni. Gílóòbù fọ́ túútúú, Rùfáì ṣubú lé èjìká náà, ó sì ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Boris ṣí ojú, ó rí apá ara rẹ̀, ó figbe ta.

Àwọn aládùúgbò ya wọlé pẹ̀lú igi. Rùfáì, lórí ilẹ̀, yára sọ pé òun lòun jó ọmọ náà. Ẹnì kan fi igi fọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín kan jáde.

"Èmi ni!" Màríyàm dà bo bàbá rẹ̀. "Bàbá mi kọ́. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Igi kejì bà á lẹ́yìn. Boris fúnra rẹ̀ ló dúró sáàárín wọn, tó ní kí wọ́n jáde, nítorí òun lòun kọ́kọ́ gbé irin.

Apá Boris jinná, ó fi àpá ńlá sílẹ̀. Èjìká Rùfáì tún kán níbi tó ti kán tẹ́lẹ̀, kò sì so dáadáa mọ́ títí dòní. Àwọn dókítà ní ọwọ́ náà kò ní kọjá àyà mọ́ láé. Màríyàm sunkún, ó ní Boris ló fà á. Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Irin tí Boris fi lù mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná," ó ní. "Èyí tí ìwọ fi lù ú ló kù sí mi lára."

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú tí Màríyàm dà kò tọ òun nìkan, ó tọ bàbá rẹ̀ tí ọmọbìnrin náà rò pé òun ń gbèjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba ẹ̀san fúnra yín, nítorí ẹni tí a fẹ́ràn jù ló sábà máa ń wà nítòsí nígbà tí a bá ń gbẹ̀san.