Ẹni Tó Ń Fọ Kẹ̀kẹ́ Wannes

Nígbà òtútù ní Flanders nílẹ̀ òyìnbó, kò sí ẹni tó lè bá Wannes Dierckx du eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀. Bó bá gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká tó ń sáré gun òkè, àwọn èrò tó ń mu bíà lẹ́bàá okùn tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà eré a máa pariwo orúkọ rẹ̀.

Wọn kì í pariwo orúkọ Gust, bàbá rẹ̀. Gust ló máa ń dúró níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́. Wannes a ju èyí tí ẹrẹ̀ ti bò sílẹ̀, bàbá a na èyí tó mọ́ sí i. Kí ọmọ tó tún yí dé, bàbá á ti fi omi tútù fọ èkejì. Ìka rẹ̀ a máa là, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àyà dun bàbá, kò tètè na kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn ló gba ife ẹ̀yẹ.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́!" Wannes jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èrò. "Ẹ lọ jókòó ti iná yín nílé. Mi ò fẹ́ rí yín níbí mọ́."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni Gust wí. "Ṣáà wọ ẹ̀wù, òtútù ń mú."

Wannes wá ẹlòmíràn tí yóò máa fọ kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan tó borí, wọ́n ti gbé e sí èjìká nílé ọtí kí wọ́n tó wá sọ fún un pé Gust ti kú sínú abà ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Àkísà ìfọkẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ọmọ rẹ̀ ló so rọ̀ lára ògiri, wọ́n mọ́ tónítóní.

Wannes kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ọtí ló ń gùn ún.

Lieven, tí wọ́n jọ ń du eré tẹ́lẹ̀, wá bá a nínú abà náà.

"Ọ̀gá ẹlẹ́rẹ̀! Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an á sá fún ẹ báyìí."

Wannes kò rẹ́rìn-ín. "Lieven, mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi kí wọ́n tó kú. Ta ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ báyìí?"

"Bàbá ò lè gbọ́ mọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ Jésù wà láàyè. Níbi tá a ti ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ẹ rí pé kó o kọ́kọ́ lọ fọ tìẹ wá? Bó ṣe rí lo ṣe ń gbé e wá. Jésù ti ru ẹrẹ̀ ẹ, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, lórí àgbélébùú. Gbé e fún un."

Wannes kúnlẹ̀ lábẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ náà, ó sọkún, ó jẹ́wọ́. Olúwa gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò jí. Lónìí, níbi tí Gust máa ń dúró sí, Wannes ló ń fọ kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ pé ó gba ife rí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, Kristi ṣì ń na ọwọ́ tí ìṣó dá lu sí ọ. Wannes pẹ́ jù fún bàbá rẹ̀. Má ṣe pẹ́ jù fún Olúwa. Nínú eré kẹ̀kẹ́, wọ́n máa ń lu agogo fún ìyípo ìkẹyìn. Láyé yìí, wọn kì í lù ú. Wá lónìí, tìwọ ti ẹrẹ̀ rẹ.